Ìdí Ìkòkò Ni Mo Padà Sí

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti kọjá. Mo dúró níwájú fíríìjì nínú òkùnkùn, iná inú rẹ̀ nìkan ló tàn sí mi lójú, mo gbé ìkòkò omi kábéèjì lọ́wọ́. Ọjọ́ kẹrin rèé tí mo ti ń mu ún. Láàárọ̀, omi kábéèjì. Lọ́sàn-án, omi kábéèjì. Tílẹ̀ bá ṣú, omi kábéèjì. Òórùn rẹ̀ ti wọ aṣọ mi, ó ti wọ irun mi. Mo ṣí ìdérí, mo gbóòórùn rẹ̀, mo yáa dé e padà. Àwo ìrẹsì tí àwọn ará ilé jẹ kù wà lápá òkè. Bí mo ṣe ní kí n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ báyìí ni mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi: "Màámi, ṣé ara yín ò yá ni?"

Ọmọ mi ni, ọmọ ọdún méje, òǹgbẹ ló jí i. Mo ní ara mi le, pé fíríìjì ni mo ń tò. Ó wo ìkòkò ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó bu omi mu, ó padà lọ sùn. Kò bá mi jiyàn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé irọ́ yẹn kò wọ̀ ọ́ létí. Kí ni àgbàlagbà ń tò nínú fíríìjì ní irú àsìkò yẹn?

Ọdún mẹ́fà ni mo fi sá tẹ̀lé dáyẹ́ẹ̀tì kiri, ìyẹn ìlànà oúnjẹ àwọn tó fẹ́ fọn. Mo ṣe èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn fẹnu kan oúnjẹ oníṣítáàṣì rárá. Mo ṣe èyí tó sọ ọ̀rá di ọ̀tá, mo wá ń ra gbogbo ohun tí wọ́n bá ti kọ ọ́ sí lára pé kò sọ́ra nínú rẹ̀, àfìgbà tí mo yí ẹ̀yìn ike wò dáadáa tí mo rí i pé ṣúgà ni wọ́n fi dí àyè tí ọ̀rá fi sílẹ̀. Mo ṣe èyí tó jẹ́ pé nǹkan mímu aláwọ̀ ewé ni láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Ti kábéèjì yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe é, torí pé ti àkọ́kọ́ kò kọ́ mi lọ́gbọ́n.

Mo tilẹ̀ ra tíì kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń polówó lórí fóònù. Ó ní ọ̀rá ikùn mi ni yóò máa ṣàn jáde. Ìgbẹ́ gbuuru ló ṣàn jáde. Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo wá kà nípa ewé sẹ́nà, tó sábà máa ń wà nínú irú tíì bẹ́ẹ̀. Ìfun ńlá ni ewé yìí ń gún ní kẹ́ṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, kí oúnjẹ tó dé ìfun ńlá, ìfun kékeré ti fa agbára inú rẹ̀ sára. Omi àti iyọ̀ ara lèèyàn ń yà dànù. Ọ̀rá jókòó síbi tó jókòó sí, kò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń wá òun.

Síkéèlì wà nílé ìwẹ̀. Láràárọ̀, kí n tó gùn ún, màá ti lọ tọ̀, màá bọ́ aago ọwọ́, màá yọ yẹtí. Yẹtí o! Bí ẹni pé yẹtí ló sọ mí di bí mo ṣe dà. Tí nọ́ńbà bá wálẹ̀, inú mi á dùn títí di ọ̀sán, màá máa rẹ́rìn-ín sí ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Tó bá gòkè, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò là yé mi nígbà náà ni ibi tí ayọ̀ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dáyẹ́ẹ̀tì ti ń wá, nígbà tí nọ́ńbà síkéèlì máa ń sáré wálẹ̀. Ẹ̀dọ̀ àti iṣan ara wa ń tọ́jú ṣúgà kan pamọ́, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní glycogen. Àgbàlagbà lè ní bíi 400 sí 500 gíráàmù rẹ̀ lára, gíráàmù kọ̀ọ̀kan sì ń di omi tó tó gíráàmù 3 mọ́ra. Béèyàn bá ṣíwọ́ oúnjẹ oníṣítáàṣì lójijì, ara á ná ìpamọ́ yìí láàárín ọjọ́ díẹ̀, omi tó so mọ́ ọn á sì bá ìtọ̀ lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: kílò kan àbọ̀ sí méjì lè lọ láìjẹ́ pé ọ̀rá yẹ̀ nípò. Ọjọ́ téèyàn bá jẹ búrẹ́dì méjì padà, omi náà á padà wálé. Èmi á wá máa bú ara mi pé ọ̀kánjúwà ni mí, pé mi ò lè kó ara mi níjàánu. Omi ni mo ń bá jà láti ọjọ́ yìí!

Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àwọn dáyẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí, ó sì pa mí lẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1863, bàbá kan ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ William Banting tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde. Iṣẹ́ ìsìnkú ni bàbá náà ń ṣe. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì sanra débi pé kò lè bẹ̀rẹ̀ so okùn bàtà rẹ̀. Ẹ̀yìn-ẹ̀yìn ló fi ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Dókítà kan ní kó jáwọ́ nínú búrẹ́dì, bọ́tà, mílíìkì, ṣúgà, bíà àti pọ̀tétò. Ó gbọ́ràn. Láàárín nǹkan bí ọdún kan, pọ́ùn 46 lọ lára rẹ̀ nínú 202 tó wọ̀n. Ìwé náà tà wàràwàrà, wọ́n sì sọ orúkọ bàbá yìí di ọ̀rọ̀ ìṣe: tẹ́nì kan bá ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ nígbà náà, wọ́n á ní ó ń "bant". Títí di òní, "banta" ni àwọn ará Sweden ń pè é.

Ẹ ò rí nǹkan? Ẹ jáwọ́ nínú búrẹ́dì. Ohun tí wọ́n tà fún mi bí ẹni pé àná ni wọ́n ṣàwárí rẹ̀ ti lé ní ọgọ́jọ ọdún. Lẹ́yìn Banting, Horace Fletcher, ará Amẹ́ríkà, dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, ó ní kéèyàn máa jẹ òkèlè lẹ́nu títí á fi di omi. Ní àwọn ọdún 1930, ọsàn grapefruit ló gbòde, wọ́n ní àwọn òṣèré Hollywood ló ń jẹ ẹ́. Ní 1972, Robert Atkins, dókítà ará Amẹ́ríkà, tún dá oúnjẹ oníṣítáàṣì lẹ́bi. Èyí tí wọ́n ń pè ní kẹ́tò lónìí, tí ọ̀rá pọ̀ nínú rẹ̀ tí ṣítáàṣì kò sì tó nǹkan, Russell Wilder, dókítà kan ní ilé ìwòsàn Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, ló gbé e kalẹ̀ ní 1921 fún àwọn tó ní wárápá. Àwọn ilé ìwòsàn ṣì ń lò ó fún àwọn ọmọ tí oògùn kò ran wárápá wọn, dókítà a sì máa ṣọ́ wọn tọwọ́tẹsẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe nítorí àwọn tí wárápá ń gbé la wá ń lò kí aṣọ ìgbéyàwó lè gbà wá.

Mi ò sọ pé irọ́ ni Banting pa. Ó fọn lóòótọ́, ó sì tó ẹni ọdún 81 kó tó kú. Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú gbogbo wọn, ibòmíràn ló wà. Nínú dáyẹ́ẹ̀tì tí mo ṣe fún ọdún mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọ́ mi ní ohun tí n kò gbọdọ̀ jẹ. Kò sí ẹyọ kan tó kọ́ mi bí a ṣe ń se nǹkan kan. Ọjọ́ tí mo bá ṣe wọ́n tán, bí mo ṣe gọ̀ lọ́wọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ náà ni mo ṣe máa gọ̀: ọ̀bẹ kò mọ̀ mí, iná kò mọ̀ mí, ẹyin nìkan ni mo lè dín láìjó. Kí ni mo wá fẹ́ padà sí tí mo bá jáde kúrò nínú ààwẹ̀? Oúnjẹ tí wọ́n dì sínú láílọ́ọ̀nù náà ni.

Ìtàn kan wà tó ṣí mi lójú. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ sópin, ní 1944, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Ancel Keys, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà kó ọkùnrin 36 jọ, àwọn tí ẹ̀rí ọkàn wọn kò gbà wọ́n láyè láti jagun. Wọ́n fẹ́ mọ bí ebi ṣe ń ṣe ara, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe máa bọ́ àwọn tí ogun ti fi ebi hàn léèmọ̀. Fún ọ̀sẹ̀ 24, wọ́n dín oúnjẹ àwọn ọkùnrin yìí kù sí bí ìdajì. Wọ́n rù, ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Ìwà tí wọ́n ń hù ló yà mí lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ gba gbogbo ọkàn wọn. Ọkùnrin tí kò ronú nípa ìdáná rí wá ń ka ìwé ìdáná bí ẹni ka ìwé ìtàn, wọ́n ń ṣa ìlànà oúnjẹ jọ, wọ́n ń lá àwo. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn ó wọ̀ ọ́.

Mo ka èyí, mo gbé fóònù mi, mo wo ohun tí mo ti ń wò sẹ́yìn. Fídíò ìdáná ni láti òkè délẹ̀. Alaalẹ́, tí mo bá ti mu omi mi tán, èmi náà á sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, màá máa wo bí ẹlòmíràn ṣe ń gé àlùbọ́sà, bí òróró ṣe ń ta, bí ọbẹ̀ ṣe ń ki. Lọ́jọ́ kan, mo wo ẹnì kan tó ń se ẹ̀wà fún nǹkan bí wákàtí kan. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀wà wà nínú ike nílé ìdáná mi, ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mo ti rà á, tí mi ò tíì ṣí ìdérí rẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni mo dìde.

Ẹ̀wà pupa ńlá tó rí bíi kíndìnrín ni. Mo dà á sórí tábìlì lábẹ́ iná, mo ṣà á, mo yọ àwọn tó ti fọ́ àti òkúta kékeré kan. Mo rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ti wú; awọ rẹ̀ tó hunjọ ti nà, ó ń dán. Mo da omi náà nù. Ẹ má fojú kéré rírẹ irú ẹ̀wà yìí o. Ní tútù, májèlé kan wà nínú rẹ̀ tó lè mú kéèyàn máa bì, kí inú sì máa run ún. Ó gbọ́dọ̀ wà nínú omi fún wákàtí márùn-ún ó kéré tán, ká da omi yẹn dànù, ká fi omi mìíràn sè é kó hó gidigidi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Iná tó ń jó wúyẹ́wúyẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kò lè ṣẹ́gun rẹ̀.

Ìyẹn ni mo mọ̀. Èyí tí mi ò mọ̀ pọ̀ jù ú lọ. Bí omi ṣe hó, mo kó gbogbo nǹkan sínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ń kó ẹrù sínú ọkọ̀: àlùbọ́sà, ata, tòmátò mẹ́fà. Wákàtí kan kọjá, ẹ̀wà le. Wákàtí méjì, ó le. Nígbà tó di wákàtí kẹta, ọbẹ̀ orí rẹ̀ ti fẹ́ jóná, ẹ̀wà ṣì ń dún lẹ́nu bí òkúta. Mo pe ìyá mi.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń mú kí ẹ̀wà yarí?"

"Kí lo kó sí i?"

Mo kà á fún wọn.

"Tòmátò?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ta ló ní kó o bu tòmátò sí i kó tó rọ̀? Ohun kíkan kì í jẹ́ kó rọ̀. Jẹ́ kó rọ̀ tán ná. Mú ẹyọ kan, tẹ̀ ẹ́ láàárín ìka méjì. Tí kò bá ti ní kókó nínú mọ́, ìgbà yẹn ni kó o mú tòmátò wá bá a." Wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ ogójì ọdún!"

Mi ò bínú. Òótọ́ ni pé ẹni ogójì ọdún ni mí, mo mọ iye kálórì, ìyẹn ìwọ̀n agbára, tó wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan láìwo ibì kankan, mi ò sì mọ̀ pé tòmátò ń mú ẹ̀wà le. Gbogbo ìmọ̀ tí mo ní nípa oúnjẹ, ìmọ̀ akọ̀wé owó ni. Mo mọ iye tó wọlé àti iye tó jáde, mi ò mọ ọjà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀wà nìkan ló wà lórí iná. Ó hó gidigidi, mo fi ṣíbí gbá ìfófò kúrò lójú rẹ̀, mo dín iná kù lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo gbé ìkòkò kejì kaná, mo da òróró ṣíbí méjì sí i, mo da àlùbọ́sà tí mo gé wẹ́wẹ́ sí i. Ó kọ́kọ́ ta ṣàà, ojú mi ń ṣomi. Mo ní kí n yí iná sókè kó lè yá, mo tún rántí pé kò sẹ́ni tó ń lé mi. Mo jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, mo ń fi ṣíbí rò ó, mo ń rò ó. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ariwo rẹ̀ rọlẹ̀ di ṣìrìṣìrì, òórùn tó ń ta èèyàn nímú yẹn yí padà, ó wá ń ta sánsán bí ohun dídùn. Àlùbọ́sà pọ́n díẹ̀díẹ̀ létí. Mo da ata àti tòmátò lé e, mo jẹ́ kó gbẹ títí òróró fi yọ sójú. Mo tẹ ẹ̀wà láàárín ìka méjì. Ó fọ́ pẹ̀tẹ̀. Mo da ìkan sínú ìkejì, mo já ewé ẹ̀fọ́ sí i, mo pa iná.

Ohun kan mú mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ń jẹun. Ní ìgbà ayé dáyẹ́ẹ̀tì aláìlọ́ràá, kárọ́ọ̀tì tútù àti ewé tútù ni mo máa ń jẹ, mi ò ní jẹ́ kí òróró kán sí i. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rá ni ara fi ń fa èròjà inú kárọ́ọ̀tì àti ewé tó ń di fítámínì A. Ohun tó mú tòmátò pupa, tí wọ́n ń pè ní lycopene, ara tún ń rí i gbà dáadáa ju ti tútù lọ tí a bá fi òróró díẹ̀ sè é. Ìyẹn ni pé èmi tí mo ń fìyà jẹ ara mi nítorí ìlera, mo ń jẹ ewé, mo sì ń lé oore rẹ̀ kọjá.

Àwo kan ni mo jẹ. Mo fẹ́ bù kún un, mo rí i pé mi ò fẹ́ mọ́. Ó pẹ́ gan-an tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mi kẹ́yìn, pé kí n máa wo oúnjẹ, kó má pè mí. Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn mi ò lọ ṣí fíríìjì.

Àwọn kan ti fi ọwọ́ sáyẹ́ǹsì wádìí irú nǹkan báyìí. Kevin Hall àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí ìlera ti ìjọba Amẹ́ríkà gbé èèyàn 20 sínú ilé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, oúnjẹ tí ilé iṣẹ́ ti pò pọ̀ tí wọ́n sì dì ni wọ́n ń gbé fún wọn. Fún ọ̀sẹ̀ méjì mìíràn, oúnjẹ tí wọ́n sè láti inú ohun tútù. Ṣúgà, ọ̀rá, iyọ̀ àti agbára inú ohun tí wọ́n gbé síwájú wọn dọ́gba. Wọ́n ní kí kálukú jẹ títí á fi yó. Nígbà tí wọ́n wà lórí oúnjẹ ilé iṣẹ́, wọ́n ń fi nǹkan bíi kálórì 500 lé oúnjẹ òòjọ́ wọn, wọ́n ń jẹ ẹ́ kíákíá, wọ́n sì fi bíi kílò 0.9 sanra. Nígbà tí wọ́n wà lórí ìkejì, bí iye yẹn náà ló lọ. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má jẹ nǹkan kan.

Èyí tó tún dùn mọ́ mi ju ìyẹn lọ ni ìwádìí Christopher Gardner àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2018. Èèyàn 609 ni wọ́n pín sí méjì fún ọdún kan gbáko: ìdá kan dín ọ̀rá kù, ìdá kejì dín oníṣítáàṣì kù. Èmi tí mo ti bá ọ̀rẹ́ mi jà lórí èwo ló dára jù nínú méjèèjì, mo yára ṣí i kí n lè mọ ẹni tó borí. Kò sí ẹni tó borí. Kílò mẹ́fà tàbí márùn-ún àti díẹ̀ ló lọ lára ìdá kọ̀ọ̀kan, kò sí ìyàtọ̀ gidi. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn kan wà tí wọ́n fún àwọn méjèèjì bákan náà: ẹ jẹ ẹ̀fọ́ púpọ̀, ẹ dín ṣúgà àti ìyẹ̀fun funfun kù, ẹ máa se oúnjẹ yín nílé bí ẹ bá ti lè ṣe é tó. Ogun ọ̀rá àti ṣítáàṣì ló gba ojú ìwé ìròyìn. Èyí tí wọ́n jọ ń ṣe kò gba ibì kankan. Ta ni wọ́n máa tà á fún?

Ẹ ó fẹ́ bi mí bóyá mo fọn. Mo fọn díẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, débi pé aṣọ ló kọ́kọ́ sọ fún mi. Kò sí fọ́tò ti tẹ́lẹ̀ àti ti ìsinsìnyí tí mo fẹ́ fi hàn yín.

Mi ò sì fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé ìkòkò ilé jẹ́ ohun mímọ́. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn ò kún ṣíbí tíì kan. Mo ní kí n wọn tèmi wò. Mo bu iyọ̀ sọ́wọ́ bí mo ṣe máa ń bù ú, mo wá rọra dà á sínú ṣíbí dípò ìkòkò. Ṣíbí mẹ́ta ni! Àwa mẹ́ta la sì fẹ́ jẹ ẹ́, nínú ìjẹ kan ṣoṣo. Látìgbà náà ni mo ti ń fi ṣíbí wọn iyọ̀, mo sì ń fi ááyù, atalẹ̀ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ wá adùn tí iyọ̀ nìkan ń bá mi wá tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kò dẹrùn. Ọkọ mi ní ọbẹ̀ náà dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú oorun. Ó ti mọ́ ọn lára báyìí.

Oúnjẹ tí dókítà bá yàn fún aláìsàn kò sí nínú ohun tí mò ń bú. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣe wàhálà, ọmọ tí àlìkámà ń ṣe ní jàǹbá, ìwọ̀nyí kò lè fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ ṣeré, ìdáná tiwọn gan-an ló yẹ kó já fáfá jù. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní bá ẹnikẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ méjì sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀lẹ ni. Àwọn ìrọ̀lẹ́ kan wà tí mo ń wọlé tí ọwọ́ mi kò lè ran iná. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ẹyin ni, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tí mo ti fọ̀ sílẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó parí. Lọ́jọ́ tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́, màá se ẹ̀wà tó pọ̀, màá pín in sínú ike mẹ́rin, màá kó o sínú yìnyín. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń pè ní àìráyè, tèmi o, àìmọ̀ọ́ṣe ni. Ìgbà tí mi ò mọ̀ ọ́n gé, àlùbọ́sà kan ń gbà mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún àti omijé.

Ìtọ́sọ́nà oúnjẹ tí ìjọba Brazil gbé jáde ní 2014 wù mí, torí pé kò kàn ka fítámínì sílẹ̀ kó sì lọ. Ó ní kí èèyàn máa jẹun pẹ̀lú ẹlòmíràn bó bá ṣeé ṣe. Ó ní kí a kọ́ ìdáná, kí a máa lò ó, kí a sì kọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn wa, pàápàá àwọn ọmọdé, lọ́kùnrin lóbìnrin. Nígbà tí mo ń mu omi kábéèjì, èmi nìkan ni mo ń mu ún. Tèmi yàtọ̀, àwo mi yàtọ̀, màá jókòó síbi tábìlì pẹ̀lú ife mi bí àlejò tí kò mọ ẹni tó pè é. Ọmọ mi á máa jẹun, á máa wò mí láti ẹ̀gbẹ́ ojú. Mo rò pé mo ń ṣe nǹkan tí kò kan ẹnikẹ́ni.

Síkéèlì náà ṣì wà nílé ìwẹ̀. Bátìrì rẹ̀ kú ní ìjọsí, kò sẹ́ni tó rántí pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀wà wà lórí iná bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́. Ó ti hó fún wákàtí kan ó lé, iná ti wálẹ̀, tòmátò ń dúró lórí pátákó. Mo pe ọmọ mi kó wá bá mi wò ó. Mo bu ẹyọ mẹ́ta sí ṣíbí, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó mú ọ̀kan, ó tẹ̀ ẹ́ láàárín àtàǹpàkò àti ìka kejì, ó dijú bí àgbà.

"Kókó ṣì wà nínú rẹ̀, Màámi. Ẹ má tíì kó tòmátò sí i o."

Ó dá ṣíbí padà sí mi lọ́wọ́, ó bá eré rẹ̀ lọ.